Ara Ta Ni À Ń Gbà? Ọ̀rọ̀ lórí Ìjìjàgbara, Owó Ìjọba àti Ìjà Abẹ́lé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Òṣogbo níwájú àwọn oníṣẹ̀ṣe àti àwọn ajìjàgbara àṣà láti Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìbà Olódùmarè. Ìbà ilẹ̀ tí a jọ tẹ̀. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà Ọ̀ṣun tí a wà ní ìlú rẹ̀ lónìí. Mo júbà ẹ̀yin àgbà awo, ẹ̀yin ìyá àwòrò, ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá síbí. Ẹ̀yin ọmọ Obòkun tí ẹ ti Iléṣà, Ẹ̀sà-Òkè, Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá, ẹ kú ọ̀nà o. Ọmọdé ni mo jẹ́ láàrin àgbà; kí ẹnu mi má ju ọjọ́ orí mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjìjàgbara ni ẹ ní kí n sọ. Ẹgbẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Oodua People's Congress, tí à ń pè ní OPC. N kò yàn án láti fi olórí kankan ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀kan nínú àwọn olórí méjèèjì ti darapọ̀ mọ́ àwọn baba ńlá wa. Èkejì wà láàyè, olóyè pàtàkì sì ni nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ó mú mi yàn án ni pé ohun tí ó tú ẹgbẹ́ náà ká ti ń kan ilẹ̀kùn tiwa báyìí, àwa tí à ń jà fún Ìṣẹ̀ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí èdè ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Nínú "ìjìjàgbara", "jà" wà níbẹ̀, "gbà" wà níbẹ̀, "ara" sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ta ni? Ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Bí a bá ní "wọ́n gba ara wọn", ìtumọ̀ méjì ni gbólóhùn náà ní. Ó lè jẹ́ pé olúkúlùkù wá ọ̀nà gba ara tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkìíní gba ẹnìkejì sílẹ̀. Bákan náà ni "wọ́n pa ara wọn" rí: ẹ̀dá lè pa ara rẹ̀, ẹ̀dá sì lè pa ẹnìkejì rẹ̀. Èdè fi ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀. Ìwà ni yóò sọ èyí tí ẹgbẹ́ kan mú. Ìbéèrè tí mo gbé wá síbí kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí a bá ní à ń jà láti gba ara, ara ta ni à ń gbà?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 ni orílẹ̀-èdè yìí dìbò fún Ààrẹ. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni ó ń borí kí ìjọba ológun tó fagi lé ìdìbò náà ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà. Ní ọdún 1994, Dókítà Frederick Fasehun, oníṣègùn òyìnbó tí ó jẹ́ ọmọ Oǹdó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá OPC sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n fẹ́ kí Yorùbá ní agbára lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ̀tọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí bí ìgbà náà ti rí. Wọ́n yìnbọn pa Olóyè Alfred Rewane ní oṣù kẹwàá ọdún 1995. Wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996 kan náà ni wọ́n kó Fasehun sí àtìmọ́lé, kò sì jáde títí Abacha fi kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn mọ̀ pé kò sí ohun tí òun yóò jẹ níbẹ̀ ju ìyà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́: télọ̀, mẹkáníìkì, káfíńtà, awakọ̀. Ìfẹ́ ni ó mú wọn wọlé. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ìtàn wọn sẹ́yìn.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ewu lọ tí àǹfààní dé. Abacha kú, ètò ìdìbò tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn olóṣèlú sì ń wá ẹni tí ó ní èrò lẹ́yìn. Ní ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ náà pín sí méjì. Àwọn ọ̀dọ́ tí Gani Adams, ọmọ Arigidi-Àkókó, ṣe olórí wọn, kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá ètò ìdìbò ológun náà rìn. Lójú tiwọn, Bàbá ti sún mọ́ àwọn olóṣèlú jù. Lójú àwọn tí ó tẹ̀lé Fasehun, àwọn ọ̀dọ́ ni kò gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu tí wọ́n sì fẹ́ràn ipá. Fasehun ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Adams kò tíì pé ọgbọ̀n. Apá méjèèjì ń jẹ́ OPC. Kò sí èyí tí ó fẹ́ fi orúkọ náà sílẹ̀, nítorí pé orúkọ ni ó ti di ohun ìní.

Ìjà náà kò dúró sí ẹnu. Apá kan ń gbógun ti apá kejì ní àdúgbò Èkó. Wọ́n tún ń bá àwọn ẹ̀yà mìíràn jà, wọ́n ń dájọ́ olè fúnra wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2000 ni ọlọ́pàá kéde pé àwọn ń wá Adams. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ fòfin de ẹgbẹ́ náà. Wọ́n mú Adams ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Ní ọdún 2005, lẹ́yìn tí apá méjèèjì tún kọlu ara wọn, ìjọba kó olórí méjèèjì sí àtìmọ́lé. Àjọ Human Rights Watch tẹ ìwé ìwádìí kan jáde ní oṣù kejì ọdún 2003. Ó fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ náà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tún fi hàn pé àwọn agbófinró pa ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ náà láìsí ẹjọ́. Mo sọ méjèèjì nítorí pé awo kì í fi apá kan òdodo pamọ́. Ẹgbẹ́ tí a dá láti gba ara Yorùbá ti di ibi tí ọmọ Yorùbá ti ń pa ọmọ Yorùbá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀yin ará Ẹ̀sà-Òkè wà níbí, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Olóyè Bọ́lá Ìgè, agbẹjọ́rò, òǹkọ̀wé, gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti ọdún 1979 sí 1983, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó Afẹ́nifẹ́re. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, àwọn àgbà Afẹ́nifẹ́re pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ìbàdàn, wọ́n sì yan Olóyè Olú Fálaè dípò rẹ̀ láti díje fún ipò Ààrẹ. Ọgbẹ́ náà kò san. Ìgè gba ipò mínísítà nínú ìjọba Ọbásanjọ́, ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn. Àwọn kan ní ó ṣe é fún ìlú. Àwọn kan ní ó ṣe é nítorí ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, gómìnà àti igbákejì rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, kò rí ara wọn bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, àwọn jàǹdùkú ṣí fìlà lórí Ìgè ní ààfin Ilé-Ifẹ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òun ni agbẹjọ́rò àgbà fún gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà náà. Títí di òní, ilé-ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀. N kò mọ ẹni tí ó pa á, n kò sì ní fi ẹnu mi pe ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé tí ó ti ya ni ọ̀tá ń rí ọ̀nà wọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí OPC. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Hamza al-Mustapha sílẹ̀. Òun ni ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ Abacha, tí ilé-ẹjọ́ kékeré ti kọ́kọ́ dá lẹ́bi ikú Kudirat Abíọ́lá. Fasehun ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó jáde, Fasehun bá a lọ sí Kánò. Ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹni tí kò jẹ̀bi sílẹ̀, àgbà sì ní ẹ̀tọ́ láti dárí jì. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wo télọ̀ kan ní Múṣín tí ó wọ ẹgbẹ́ nítorí ìbínú ikú Kudirat. Ta ni ó pe òun láti bi í léèrè? Ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ lè yí ojú ẹgbẹ́ padà láìjíròrò pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́, ti olórí ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ mọ́.

Ọdún 2015 ni ó wá fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ìdìbò sípò Ààrẹ bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Nínú oṣù kan náà, ìjọba Goodluck Jonathan gbé iṣẹ́ ìṣọ́ òpó epo fún ilé-iṣẹ́ àwọn olórí OPC méjèèjì àti fún àwọn ajagun Niger Delta àtijọ́. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé owó iṣẹ́ náà lé ní bílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Ní oṣù yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jáde sí òpópónà Èkó tí wọ́n ń ké pé kí wọ́n yọ alága àjọ elétò ìdìbò. Olórí méjèèjì, tí òṣèlú ti yà láti ọdún 1999, wá pàdé lẹ́yìn olóṣèlú kan náà. Jonathan fìdí rẹmi. Ìjọba tuntun kò tún iṣẹ́ náà ṣe, ó sì parí láàrin oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igbe àìrówó-gbà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ó gbèjà iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kò ní iṣẹ́, olè ń fọ́ òpó epo ní Àrèpo àti ibòmíràn, iná sì ń jó ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí Yorùbá kò fi ní gbà á? N kò lè pe èyí ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣíṣọ́ òpó epo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ebi sì ń pa ọ̀dọ́ lóòótọ́. Ìbéèrè mi yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ lásán ni, kí ló dé tí ó fi dé nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ díẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ ni, kí ló dé tí orúkọ ilé-iṣẹ́ olórí fi wà lórí ìwé? Ní ọjọ́ wo ni wọ́n ka ìṣirò owó náà síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́? Àwọn àgbà ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹgbẹ́ tí ìjọba ń bọ́ kò lè bá ìjọba jà. Bí ìjọba náà bá sì ṣubú, yóò wó lé e lórí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní South Africa, ANC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1912 fi ẹ̀jẹ̀ gba òmìnira. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Zondo fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin, láti 2018 sí 2022, tú àṣírí bí àwọn ọlọ́rẹ̀ẹ́ ìjọba ṣe jẹ dúkìá ìlú lábẹ́ ẹgbẹ́ kan náà. Ìgboyà lójú ogun kò ní kí ẹni má jẹ nígbà àlàáfíà. Ìmọ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, ilé yín ni a ti lè kọ́ ìmọ̀ náà. Nígbà ogun Kírìjì, Fábùnmi Òkèmẹ̀sí ni ó kọ́kọ́ gbé ìjà dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Nígbà tí Ògèdèngbé ti Iléṣà dé, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gágun àgbà. Fábùnmi kò tìtorí èyí kó ọmọ ogun tirẹ̀ lọ dá Èkìtì Parapọ̀ kejì sílẹ̀. Owó ogun wọn ńkọ́? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ti oko ẹrú bọ̀ tàbí ọmọ irú wọn, ni ó dáwó jọ tí wọ́n fi ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Kò sí ọba òkèèrè kan tí ó lè ní kí wọ́n sọ ìbọn sílẹ̀ nítorí pé òun ni ó rà á. Wọ́n dúró pọ̀ títí ìwé àdéhùn fi wáyé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò dúró síbẹ̀, kí a má sì parọ́ fún ara wa. Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ ogun kò ní iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ń dá àwọn ènìyàn lọ́nà, wọ́n ń kó wọn lẹ́rù. Ẹ̀sùn yẹn ni Captain Bower fi mú Ògèdèngbé ní ọdún 1894. Ó padà sílé, ó joyè Ọbańlá, ó sì kú ní ọdún 1910. Akọni ni, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó ṣe àwọn ọmọ OPC lẹ́yìn ọdún 1998 nìyẹn. A kó ọ̀dọ́ jọ fún ogun, ogun tán, ẹnikẹ́ni kò ronú nípa iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá kó ọmọ ọlọ́mọ jọ, tí kò kọ́ wọn ní iṣẹ́, ọjà ni ó ń kó jọ fún ẹni tí ó bá lówó.

Adams joyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lọ́wọ́ Aláàfin Lamidi Adéyẹmí Kẹta ní oṣù kìíní ọdún 2018. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé òun àti àjọ rẹ̀ ti náwó nára sórí ọdún òrìṣà, títí kan ti Ọ̀ṣun ní ìlú yìí. Fasehun kú ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2018. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ kò tíì di ọ̀kan títí ó fi lọ. Èyí ni ó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ó wá kan àwa. Nígbà tí wọ́n ń pè wá ní abọ̀rìṣà láti fi bú wa, kò sí olóṣèlú tí ó ń wá wa. Lónìí, nǹkan ti yí padà. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ẹ̀tọ́ wa ni, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó jà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ewu ń lọ, àǹfààní ń dé. Ibi tí OPC wà ní ọdún 1998 gan-an ni a wà yìí. Ìrẹsì ti ń dé, ọkọ̀ ti ń dé, oyè ti ń dé. Ẹgbẹ́ méjì ti ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ìlú kan náà, alága méjì ti ń kọ lẹ́tà sí gómìnà kan ṣoṣo.

Àwa awo ní òfin fún èyí, bí a bá lè lò ó. Nígbà tí a bá rú ẹbọ, èrù awo ní ìwọ̀n. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó kù, gbangba ni a ti ń pín in. Babaláwo tí ó bá di gbogbo ohun ẹbọ lọ sílé, kò sí ẹni tí yóò tún gbé ọ̀rọ̀ tọ̀ ọ́ wá. Kí ló dé tí a fi ń tẹ̀lé òfin yìí lórí adìẹ ẹyọ kan, tí a kò sì tẹ̀lé e lórí mílíọ̀nù náírà?

Nítorí náà, mo bẹ ìjókòó yìí kí ó gbé ohun márùn-ún yìí yẹ̀ wò kí a tó túká.

Èkíní, gbogbo owó tàbí ẹ̀bùn tí ó bá wọlé ní orúkọ Ìṣẹ̀ṣe, kí a kà á síta ní ìpàdé tí ó bá tẹ̀lé e, kí ẹni mẹ́ta sì fọwọ́ sí i: ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọ̀dọ́ kan.

Èkejì, kí iṣẹ́ ìjọba kankan má wà lórí orúkọ ilé-iṣẹ́ olórí ẹgbẹ́ tàbí ti ará ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìdìbò títí ìdìbò yóò fi parí, kí ẹgbẹ́ má gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olóṣèlú. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè dìbò fún ẹni tí ó wù ú. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ kì í ṣe páálí ìpolongo.

Ẹ̀kẹrin, kí ipò alága ní ọdún tí ó máa parí. Àgbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí apá rẹ̀ ṣì ká a, ẹni ìbọ ni. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìkarùn-ún, bí ìjà bá dé, kí a gbé e lọ síwájú àwọn awo ìlú mìíràn tí kò ní ìpín nínú rẹ̀: ìjà Òṣogbo sí Iléṣà, ìjà Iléṣà sí Òṣogbo. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sí ọ́fíìsì gómìnà, kí ó má sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ṣe báyìí, a ó ṣe ẹgbẹ́ aláìní. Bóyá a ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì ọdún 1994 kò ní owó, ìjọba ológun sì ń bẹ̀rù wọn. Nígbà tí owó dé, ìjọba kò bẹ̀rù wọn mọ́. Ó kàn ń béèrè iye tí wọn yóò gbà ni.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó bá ta ẹgbẹ́ rẹ̀: ọ̀dàlẹ̀, ẹni tí ó da ilẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bà jẹ́ nígbà náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ tí gbogbo wa jọ dúró lé ni. Bí a bá dà á, ibo ni a ó dúró sí láti gba ara ẹnikẹ́ni?

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a da ilẹ̀. Kí Ọ̀ṣun fi omi tútù pa iná tí ó wà láàrin wa. Kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rí wa fi yangàn. Kí a gba ara wa, ẹnìkìíní kí ó gba ẹnìkejì. Àṣẹ.